Ẹ̀rọ Lè Kọ̀wé, Kò Lè Jẹ́rìí

     

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, àwọn kan lè sọ pé, "Pásítọ̀, kí ló kan pẹpẹ nínú ìyẹn?" Ó kàn án gan-an ni. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́fíìsì wa. Àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ lórí WhatsApp ń bi wá. Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka mídíà ń bi wá. Wọ́n ní, "Sà, a rí ẹ̀rọ kan tó ń bá ènìyàn kọ ohun tí a fẹ́ gbé sórí Facebook. Ó tún ń bá ènìyàn gbé e jáde lásìkò tí a bá dá fún un. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká lò ó?"

Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Má sùn lónìí." (Ìjọ rẹ́rìn-ín.) Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ OpenAI gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ChatGPT síta fún gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, irú rẹ̀ ti pọ̀. Google ní Gemini. Meta AI wà, tó jẹ́ pé inú WhatsApp gan-an ló ti ń dá ènìyàn lóhùn. Ohun tí wọ́n ń pe gbogbo wọn ni AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Wọ́n kó ìwé rẹpẹtẹ jọ, ìwé tí ọmọ ènìyàn ti kọ, wọ́n fi kọ́ ọ. Ó wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá sọ pé "Ẹ kú", ó mọ̀ pé "àárọ̀" tàbí "iṣẹ́" tàbí "ọdún" ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ó ń ṣírò ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kàn, ó ń tò ó, ó ń tò ó, títí yóò fi di odindi lẹ́tà. Ó yára. Ó dùn létí. Àmọ́ ìṣirò ni. Kò rí nǹkan kan. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ẹ̀rọ kejì ni èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lásìkò. Èyí ti pẹ́ díẹ̀. Hootsuite ti wà láti 2008, Buffer láti 2010. Àwọn tó ni Facebook àti Instagram náà ní tiwọn, Meta Business Suite. Ẹ lè jókòó lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ to ti ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé, "Gbé eléyìí jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè ní aago 7 àárọ̀." Ẹ lè máa sùn nígbà náà, yóò gbé e jáde. Nísinsìnyí wọ́n ti so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan ń kọ ọ́, ọ̀kan ń gbé e jáde. Ènìyàn kò ní í ṣe ju kó tẹ bọ́tìnnì lọ.

Ó dára. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Mo dá yín lóhùn: rárá. Kí ènìyàn ní ẹni tó ń bá a kọ̀wé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ lọ wo ìwé Róòmù, orí 16, ẹ ó rí orúkọ ọkùnrin kan níbẹ̀, Tertiu. Òun ló mú kálàmù lọ́wọ́ tó kọ ìwé náà sílẹ̀ fún Pọ́ọ̀lù. Ẹ lọ wo Jeremáyà, orí 36. Wòlíì ń sọ̀rọ̀, Báárúkù ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọba sun ìwé náà nínú iná, Jeremáyà tún sọ ọ́, Báárúkù tún kọ ọ́.

Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan kan. Nígbà tí ọba sun ìwé, ọ̀rọ̀ kò tán. Kí ló dé? Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú Jeremáyà! Akọ̀wé ló kọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe akọ̀wé ló ni ín. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bi yín: tí wọ́n bá gba fóònù lọ́wọ́ yín lónìí, tí dátà bá tán, tí iná bá lọ, ṣé ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú yín? (Ìjọ dákẹ́.) Ẹ má dákẹ́ o. Ṣé ó kù?

Ìyẹn ló gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ lè kọ̀wé, kò lè jẹ́rìí.

Ta là ń pè ní ẹlẹ́rìí? Ẹni tí ojú rẹ̀ rí i, tí etí rẹ̀ gbọ́ ọ, tàbí tó ṣẹlẹ̀ sí. Kọ́ọ̀tù kò ní í pe ẹni tó mọ èdè sọ dáadáa, wọ́n á pe ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀. Kò ṣàìsàn rí. Kò gbàwẹ̀ rí. Wọn kò lé e kúrò nílé nítorí owó ilé rí. Síbẹ̀, tí ẹ bá sọ fún un pé, "Kọ ẹ̀rí obìnrin kan tó yàgàn fún ọdún 12 tó wá bímọ," ní ìṣẹ́jú kan yóò kọ ọ́, omijé á sì máa bọ́ lójú yín. Kò sí obìnrin náà! Kò sí ọmọ náà! Tí ẹ bá wá gbé e sórí ìkànnì ṣọ́ọ̀ṣì, tí arábìnrin kan tó ń wá ọmọ ní tòótọ́ bá kà á, tó gbẹ́kẹ̀ lé e, kí ni ẹ máa sọ fún un lọ́jọ́ tó bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí ìyá yẹn"?

Ẹ̀yin oníṣòwò, tiyín náà ńkọ́? Ẹ ń ta ọṣẹ, ẹ ń ta kírímù. Ẹ ní kí ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà mẹ́wàá tó ti lò ó tí ara wọn sì dán. Oníbàárà wo? Irọ́ ni. Àwọn àgbà ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2023, ní ìlú Fürth ní Jámánì, wọ́n ṣe ìsìn kan tó jẹ́ pé ChatGPT ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó lé ní 300 ènìyàn tó wá. Ojú ènìyàn tí wọ́n yà sórí tẹlifíṣọ̀n ló ń darí ìsìn náà fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Àwọn kan ní kò sí ọkàn nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹgbẹ́ Kátólíìkì kan ní Califonia, Catholic Answers, gbé ẹ̀rọ kan jáde, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ àlùfáà, wọ́n pè é ní Father Justin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ènìyàn pé àlùfáà gidi lòun! Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n bọ́ aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Wọ́n tètè tún un ṣe, mo kí wọn. Ẹ̀kọ́ ni mo ní ká kọ́.

Èkejì: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Mo ní ìṣirò ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe, àbí? Nítorí náà, tí kò bá mọ nǹkan, ó lè hun ún, kó sì fi ìdánilójú sọ ọ́. Ní New York, ọdún 2023, àwọn lọ́yà méjì gbé ìwé lọ síwájú adájọ́. Wọ́n tọ́ka sí ẹjọ́ tí kọ́ọ̀tù ti dá sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wá a, kò sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láyé. ChatGPT ló hun ún. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Lọ́yà nìyẹn o, tó lọ sílé ìwé!

Tó bá lè hun ẹjọ́, ṣé ẹ rò pé kò lè hun ẹsẹ Bíbélì? Ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà ní Òwe orí báyìí, ẹ ó lọ wò ó, ẹ ò ní í bá a níbẹ̀. Nítorí náà, òfin ni mo ń ṣe fún ẹ̀ka mídíà wa lónìí: ẹsẹ Bíbélì kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan ti ṣí Bíbélì, tó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Iye owó, ọjọ́, àdírẹ́sì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Èdè Yorùbá wa ńkọ́? Arábìnrin kan lè ní ọkọ nílé, kí Ọlọ́run wá fún un ní ọkọ̀. Ẹ̀rọ lè gbàgbé àmì kékeré yẹn, kó kọ ọ́ pé, "Ẹ bá mi yọ̀, mo ti gba ọkọ tuntun!" (Ìjọ rẹ́rìn-ín gan-an.) Ọkọ ilé kà á lórí Facebook! Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó lè dá ìjà sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, odindi Bíbélì Yorùbá kò sì parí títí di 1884. Ogójì ọdún ó lé! Àwọn ènìyàn jókòó ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi àgbà, wọ́n ń tún un ṣe. Àwa kò wá lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka ohun tí ẹ̀rọ kọ ká tó gbé e síta?

Ẹ̀kẹta: ẹ̀rọ tó ń dá àkókò kò mọ ọjọ́ ọ̀fọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2023, oníbọn kan wọ Yunifásítì Michigan State, ó pa akẹ́kọ̀ọ́ 3. Ní yunifásítì mìíràn, Vanderbilt, ọ́fíìsì kan ní Peabody College kọ lẹ́tà ìtùnú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn. Lẹ́tà náà dára, ó sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́, ó ní ká dì mọ́ ara wa. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí i kà pé láti ọ̀dọ̀ ChatGPT ni wọ́n ti mú un. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bàjẹ́. Ọ́fíìsì náà tọrọ àforíjì. Ẹ rí i, kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kan nínú lẹ́tà yẹn. Ohun tó dùn wọ́n ni pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá wọn dárò.

Ní ilẹ̀ tiwa náà. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa ó kéré tán 40 ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run. Ẹ ro ó wò: ká ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ti fi ẹ̀rọ to ọ̀rọ̀ ayọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sán ọjọ́ náà, "Iná ti sọ̀ kalẹ̀! Ẹ jó, ẹ yọ̀!" Gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń sunkún, ojú ìkànnì tiyín ń jó. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Aago ló ń wò. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi ẹni tó tò ó sílẹ̀ tó sì lọ sùn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, ìkànnì tó bá ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde gbọ́dọ̀ ní olùṣọ́. Ní òròòwúrọ̀, kí ẹnì kan gbọ́ ìròyìn, kó wo ohun tí a tò sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, kó bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣì yẹ lónìí?" Tí kò bá yẹ, kó dá a dúró. Ẹni méjì ó kéré tán ni kó mọ ọ̀nà ìdádúró náà, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́, òun sì ti wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Ẹ tún wo aago. Àwa níbí kì í yí aago padà, òyìnbó ń yí tiwọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago Lọ́ńdọ́nù àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, a fi wákàtí 1 ṣíwájú wọn. New York, a fi wákàtí 5 tàbí 6 ṣíwájú. Tí ẹ bá to ìkéde àdúrà sí aago 6 ìdájí Èkó, aago 12 tàbí 1 òru ni lọ́dọ̀ àwọn ará New York. Ẹ má fi fóònù jí ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tó ń wá oorun.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má gbé àṣírí ènìyàn fún ẹ̀rọ. Àwọn ènìyàn ń kọ ìwé àdúrà wá síbí. Wọ́n ń kọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n, ìjà tó wà nínú ilé wọn, gbèsè tó wà lọ́rùn wọn. Òṣìṣẹ́ kan lè sọ pé kí iṣẹ́ yá, kó da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, "Bá mi fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú fún Facebook." Arákùnrin, orí kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni lo kó wọn lọ yẹn! Òfin ilẹ̀ wa gan-an kò fẹ́ ẹ. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 fi ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ara ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Ṣáájú òfin, ìwà ọmọlúàbí wà. Ẹni tó bá tú àṣírí fún ọ, má tú u fún ayé. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rí tàbí fọ́tò ẹnikẹ́ni síta, ẹ bi í kó tó jáde. Tó bá ní rárá, rárá ni.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tó kẹ́yìn: ẹni tó rán iṣẹ́ ló ni iṣẹ́. Ní Kánádà, ọkùnrin kan pàdánù ìyá rẹ̀ àgbà ní ọdún 2022. Ó fẹ́ wọ bàálù lọ síbi ìsìnkú. Ó bi ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí ìkànnì Air Canada léèrè, ẹ̀rọ náà sọ fún un pé ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, kó padà wá béèrè ẹ̀dínwó ọ̀fọ̀ tó bá yá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kò ní í gba ẹ̀bi ohun tí ẹ̀rọ sọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tó dá ẹjọ́ náà ní British Columbia ní ìkànnì yín ni, ọ̀rọ̀ yín ni. Wọ́n ní kí wọ́n san owó fún un, ó lé ní 800 dọ́là Kánádà.

Ẹ gbọ́ o! "AI ló kọ ọ́" kì í ṣe àwíjàre. Lọ́dọ̀ adájọ́ ayé kò jẹ́ àwíjàre, ṣé lọ́dọ̀ Ọlọ́run ló máa wá jẹ́? Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó. Orúkọ ta ló wà lókè ìkànnì náà? Òun ló sọ ọ́.

Pásítọ̀, báwo ká ṣe wá lò ó? Ìyá tó ń ta aṣọ, ẹ tẹ́tí. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù: "Àǹkárá tuntun dé, yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà, iye rẹ̀ rèé, kì í ṣí." Tí kì í bá ṣí lóòótọ́ o! (Ìjọ rẹ́rìn-ín.) Ẹ wá ní kí ẹ̀rọ bá yín tò ó kó lẹ́wà, tàbí kó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kà á sókè. Tí kò bá dún bí ohùn yín, ẹ tún un ṣe. Fọ́tò aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ gbé sí i, ẹ má fi èyí tí ẹ̀rọ yà tan oníbàárà jẹ. Ẹ fi dá àkókò, kò burú. Ẹni tó bá wá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ọmọ mídíà, ìkéde ìsìn, ìkínikáàbọ̀ oṣù tuntun, àkòrí ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹ lè fi ẹ̀rọ ràn ara yín lọ́wọ́. Ìtùnú, ẹ̀rí, àforíjì, ìyẹn ti di ti ènìyàn. Ọwọ́ yín ni kó ti wá.

Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹ ti rí i, ènìyàn kọ ọ́ sórí Facebook pé, "Ìyá mi kú lánàá." Kíákíá, èsì ti dé: "A ń gbàdúrà fún yín." Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ti ń fèsì fún wa, ta ló kúnlẹ̀? Ta ló dárúkọ ọ̀fọ̀ yẹn níwájú Ọlọ́run? Tí ẹ̀rọ bá gba wákàtí méjì lórí iṣẹ́ yín lọ́sẹ̀, ẹ má fi wákàtí méjì yẹn wo fíìmù. Ẹ fi pe opó kan. Ẹ fi lọ kí ẹni tó wà ní ọsibítù. Nígbà náà ni ẹ̀rọ ti ṣe ìjọ lóore.

Ẹ jẹ́ ká dìde. Ẹ gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá nílé, ẹ bá wa dìde. Ẹni tó bá ti ṣèlérí àdúrà fún ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí tí kò sì gbà á, ẹ dárúkọ ẹni náà nísinsìnyí. Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ náà tó. (Ìjọ ń gbàdúrà.)

Baba, a dúpẹ́ fún ọgbọ́n tí o fi fún ọmọ ènìyàn. Má jẹ́ kí a fi ọgbọ́n náà purọ́. Fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu wa, fi ẹ̀ṣọ́ sí ọwọ́ wa lórí fóònù. Àwọn tó ń ṣòwò, bùkún òtítọ́ wọn. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, rán ènìyàn ẹlẹ́ran-ara sí wọn. Lórúkọ Jésù. (Àmín!)

Ẹ̀yin olùwòran wa, tí ọ̀rọ̀ yìí bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ má kàn fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ẹ pe ẹnì kan, kó gbọ́ ohùn yín. Ọlọ́run á pa yín mọ́ títí di ìgbà tí a óò tún rí ara wa. Ó dàbọ̀.